Ọkọ̀ Tí Mo Pè Ní Ọkọ

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run Ọba, tí kì í ka àṣìsọ ọmọdé sí i lọ́rùn.

Lánàá, ọmọ mi da bíríkì ike rẹ̀ sílẹ̀. Ìró rẹ̀ gbé mi padà sí yàrá wa ní Sábó, ní Zaria.

Ọyẹ́ ń fẹ́, eruku wà létè wa. Bàbá mi ti lọ sí Kàdúná. Ìgbàkígbà tó bá lọ, ó máa ń ra páálí bíríkì kékeré kan bọ̀ fún mi, irú èyí tí a ń tò di ọkọ̀ tó ń lọ sínú òṣùpá. Mo ti tò wọ́n kún ojú fèrèsé. Mo gbé ọ̀kan sókè, mo pariwo: "Ọkọ ti lọ sójú ọ̀run, kò ní padà mọ́!"

Ẹ̀gbọ́n mi bú sẹ́rìn-ín. "Gàmbàrí! Ọkọ̀ ni, kì í ṣe ọkọ!"

Ìyá mi ò rẹ́rìn-ín. Ó ju fóònù tó ń gbọ́ lọ́wọ́ sílẹ̀, ó di èjìká mi mú.

"Yí i padà. Sọ pé ọkọ yóò padà."

"Mọ́mì, ọkọ̀ ni mo fẹ́ pè…"

"Ọkọ ni kó o wí!"

Mo wí i. Ó ń ṣe àmín, omijé rẹ̀ ń kán sórí bíríkì mi. Mo rò pé Yorùbá mi tí kò dán mọ́rán ló ń pa á lẹ́kún.

Ìgbà tí mo dàgbà ni mo gbọ́ pé wọ́n ti jí bàbá mi gbé lójú ọ̀nà láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Ó padà dé lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọjọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Ìyá mi kúnlẹ̀, ó ń fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ wẹ ẹsẹ̀ náà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹni tí ẹ ń retí yóò wọlé bá yín láyọ̀.