Ìwé Tí Wọ́n Sin Mọ́ Olùkọ́ Mi

Èdè Látìn àti ti Gíríìkì àtijọ́ ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ yunifásítì títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ìtàn àwọn ọ̀mọ̀wé tó fi ayé wọn ka ìwé èdè wọ̀nyí ni mo sì ń kọ. Ẹ bi mí léèrè ohun tí ará Jámánì kan tó ti kú tipẹ́ ń jẹ láàárọ̀, n óò sọ fún yín. Ọkùnrin tó kọ́kọ́ fi lẹ́tà Gíríìkì hàn mí ní Òsòórò ńkọ́? Mi ò kọ ìlà kan nípa rẹ̀.

Olùkọ́ mi yìí ti sọ ewì Gíríìkì di Yorùbá sínú ìwé mẹ́rin: Gíríìkì lápá kan, Yorùbá lápá kejì. Kò sí ẹ̀dà rẹ̀ níbòmíràn. Ó máa ń pè mí lórí fóònù ní Igbódìgò tí mo ń gbé, ó ní kí n wá gbà á kí ojú òun tó fọ́ tán.

"Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, sà."

Irọ́ ni mo ń pa. Ará Jámánì yẹn ló gbà mí lọ́kàn.

Ìjọ Aládùúrà ló ń lọ nígbà ogbó rẹ̀. Òun ni akọ̀wé wọn. Bí aríran bá ti ń sọ̀rọ̀, òun a máa kọ ọ́ sínú ìwé ìran. Nígbà tí mo fi gbọ́ ikú rẹ̀ tí mo sáré dé ilé rẹ̀, wọ́n ti sin ín.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin jáde sí mi nínú aṣọ funfun. "Bọ̀ọ̀dá, ẹ ghá?" Ó ń kí mi pé ṣé mo wá.

Mo béèrè ìwé mẹ́rin náà.

"A ti gbé e lé e láyà nínú pósí. Ìwé ìran akọ̀wé wa máa ń bá a lọ ni. Èdè Ẹ̀mí ló wà lápá kan, ìtumọ̀ rẹ̀ lápá kejì."

Inú bí mi, ó bí mi gan-an. Ṣùgbọ́n ta ni n óò bínú sí? Ó mú ìwé kékeré kan wá.

"Abẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀ la ti rí èyí. Yorùbá lásán ni, a rò pé tiyín ni."

Mo ṣí i. Ìwé ìran gan-an nìyẹn. Ní ojú ewé tó kẹ́yìn, aríran rí ọkùnrin kan tó gbé báàgì, tó ń ti Igbódìgò bọ̀ wá gba ẹrù. Olùkọ́ mi fi bírò pupa kọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sábẹ́ rẹ̀: "Ó ní ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀."