Ẹrù Tí Mùíbàt Dì Lọ sí Panyá

Bí ẹnikẹ́ni bá tún bi Mùíbàt léèrè ọjọ́ tí yóò gbéra, ó ti pinnu pé òun yóò la igbá iyọ̀ mọ́ olúwarẹ̀ lórí ni. Ọ̀rọ̀ náà ti sú u dé ọ̀fun. Láti ìgbà òjò àkọ́rọ̀ ni ó ti sọ fún gbogbo ilé pé òun ń lọ sí Panyá, erékùṣù tí àwọn ọkùnrin ń lọ ṣiṣẹ́ oko kòkó lójú òkun, pé òun ń lọ wá ọkọ òun. Òjò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dáwọ́ dúró báyìí, Mùíbàt sì wà ní Òdòdé ní Ìdànrè síbẹ̀, ó jókòó ti àtẹ iyọ̀ àti ìṣáná rẹ̀ lábẹ́ òkè, ó ń dá gbogbo ẹni tó ń kọjá lóhùn pé, "Ó kù díẹ̀."

Díẹ̀ wo! Díẹ̀ tí kì í tán!

Ẹ má sì rò pé ìfẹ́ ló ń gbé e lọ o. Ó ti di ọdún keje tí Búrẹ́mọ̀ ọkọ rẹ̀ ti lọ sí Panyá, ìgbéyàwó wọn kò sì tíì ju ọdún kan lọ nígbà náà. Ó ní òun yóò ṣe ọdún méjì péré, òun yóò padà wá dá oko kòkó ti òun sílẹ̀. Kò dé, kò ránṣẹ́, kò sì kú, nítorí Yẹ̀kínì tó ti ibẹ̀ bọ̀ lọ́dún tó kọjá ní òun rí i, ara rẹ̀ le koko. Mùíbàt kò tíì bímọ kí ó tó lọ. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń rán ọmọ níṣẹ́ báyìí, òun nìkan ló ń fọ abọ́ ara rẹ̀. Ó fẹ́ bímọ kí ọjọ́ tó lọ lórí rẹ̀. Ó fẹ́ kó lọ sí Aládé, níbi tí àwọn oníkòkó ti ń kọjá tọ̀sán tòru, kí ó ṣí ìsọ̀ gidi, kí ó kúrò nídìí àtẹ. Ṣùgbọ́n ìyàwó Búrẹ́mọ̀ ni, inú ilé Búrẹ́mọ̀ ni wọ́n sì ní kí ó wà. Nígbà tó yọ́ lọ bá Lèmọ́ọ̀mù, ohun tí bàbá náà sọ kò le yé.

"Ọmọ mi, bí ọkọ rẹ bá kọ̀ ọ́ lẹ́nu ara rẹ̀, tàbí tí àwọn tó ṣeé gbà gbọ́ bá jẹ́rìí pé ó ti kọ̀ ọ́, o ti bọ́. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ìyàwó rẹ̀ ṣì ni ọ́."

Mùíbàt ní ó dáa. Òun yóò lọ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Bí ó bá ṣì fẹ́ òun, kí ó máa bọ̀ nílé. Bí kò bá fẹ́ òun mọ́, kí ó là á mọ́lẹ̀, kí kálukú máa lọ.

Kò sọ èyí fún ẹnì kan nínú ilé ọkọ. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀, nítorí gbogbo wọn rò pé àárò ọkọ ló ń pa á. Ìwúre ṣáá. "Wàá fa ìbejì bọ̀ o!" "Inú Búrẹ́mọ̀ á mà dùn o!" Mùíbàt á fipá rẹ́rìn-ín, á ní àmín, àmín.

Ti ìwúre tilẹ̀ sàn. Ti ẹrù ńkọ́? Ṣé ẹnì kan lè dá ẹrù tirẹ̀ nìkan gbé kúrò ní Ìdànrè? Gbogbo ẹni tó ní èèyàn ní Panyá, àti àwọn tó mọ ẹni tó ní èèyàn níbẹ̀, ló ń gbé nǹkan wá. Ẹ̀gúsí, irú, aṣọ àlòkù, adìẹ ààyè nínú àgò. Bàbá kan tilẹ̀ fa àgùntàn wá láti Atósìn, ó ní kí ó bá òun fún àbúrò òun.

"Bàbá, ojú omi ni mo máa gbà o," ni Mùíbàt wí.

"Mo mọ̀," ni bàbá náà dá a lóhùn. "Kò ní yọ ọ́ lẹ́nu. Kì í mu omi púpọ̀."

Mùíbàt wo bàbá náà, ó wo àgùntàn, ó sì gba okùn rẹ̀ so mọ́ igi.

Ṣùgbọ́n ẹni tó dá a lágara jù ni ìyá ọkọ rẹ̀, Àìníà. Ìyá yìí kò ní ọmọ mìíràn ju Búrẹ́mọ̀ lọ. Òun àti Mùíbàt ni wọ́n jọ ń gbé yàrá kan náà láti ọjọ́ tí ọmọ rẹ̀ ti lọ, wọ́n jọ ń jẹun, wọ́n jọ ń kírun. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni tẹ́lẹ̀. Àfi bí ọ̀rọ̀ Panyá ṣe dé tí orí rẹ̀ dà bí ẹni pé ó yí. Ó ní kí Mùíbàt dúró kí òun gún èlùbọ́ fún ọmọ òun. Èlùbọ́ kúnná tán, ó ní Búrẹ́mọ̀ kì í jẹ èlùbọ́ tuntun, kí wọ́n dúró kí ó gbó. Ó gbó tán, ó ní ẹran ìgbẹ́ ló kù, ọdẹ tó sì máa pa á ṣì wà lóko. Ọdẹ dé. Ó wá ní odó.

"Odó kẹ̀, Ìyá?"

"Kí ni yóò fi máa gún iyán?"

"Ṣé kò sí igi ní Panyá ni?"

"Igi á wà. Ta ló mọ irú igi tí wọ́n ní?" ni Ìyá wí, ó sì tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ pé odó gbọ́dọ̀ lọ. Gbẹ́nàgbẹ́nà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kò sì tètè parí rẹ̀.

Ní ti ọ̀nà, Mùyídéènì ló gbà á kanrí. Òun ni ọmọ ìyálé Àìníà, òun sì ni olórí ilé. Kò rìn kọjá Oǹdó rí láyé rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí bí o ṣe máa sọ fún un pé kò mọ ọ̀nà òkun. Ó to obì mẹ́rin sílẹ̀ lórí ẹní bí erékùṣù.

"Ṣé o rí i, ìyàwó? Panyá nìkan kọ́ ló wà níbẹ̀. Yẹ̀kínì ní erékùṣù mẹ́rin ló tò tẹ̀lé ara wọn. Kí ló le níbẹ̀? Ṣebí bí Òdòdé, Aládé àti Atósìn ṣe rí náà ni. Tí o bá dé àkọ́kọ́ tí wọn ò mọ̀ ọ́n, wọn yóò júwe èkejì fún ọ."

"Ọkọ mi àgbà, ṣé ẹsẹ̀ ni n ó fi rìn láti ọ̀kan dé èkejì?"

"Wàá wọ ọkọ̀ ojú omi."

"Ta ni yóò wà á?"

"Wọn yóò wà á."

"Àwọn wo?"

"Àwọn tó ń wà á!" Ni Mùyídéènì bá bínú, ó ní ìbéèrè obìnrin yìí pọ̀ jù, ó kó obì rẹ̀, ó sì jẹ ọ̀kan nínú wọn. Mùíbàt ń wò ó bó ṣe ń jẹ erékùṣù lẹ́nu.

Ó wá ku Yẹ̀kínì. Òun nìkan ló ti dé Panyá rí nínú gbogbo àdúgbò, òun ló sì yẹ kó sọ ibi tí Búrẹ́mọ̀ wà gan-an. Ẹ wá gbọ́ o. Ìgbà àkọ́kọ́ tí Mùíbàt bi í, ó ní Panyá náà ni. Ìgbà kejì, ó ní ó ṣeé ṣe kó ti kọjá sí Pirinsipé. Nígbà tó tún bi í, ó ní Sàǹtòmé ni òun gbọ́. Tó bá sì ti sọ bẹ́ẹ̀, á wúkọ́, á gbójú sókè wo òkè, á ní òun gbé nǹkan ka iná. Iná wo? Yẹ̀kínì kì í dáná. Láti ìgbà tó ti dé, ọ̀dọ̀ Àìníà ló ti ń jẹun láàárọ̀ lálẹ́.

Lọ́jọ́ tó wá dárúkọ erékùṣù kẹrin, Mùíbàt pariwo mọ́ ọn lójú ọ̀nà.

"Ọkùnrin kan ṣoṣo! Ó wà ní ibi mẹ́rin! Ṣé ẹja ni wọ́n ní mo fẹ́ ni?"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Yẹ̀kínì kò rẹ́rìn-ín. Ó dorí kodò, ó sì bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ yẹn ni sùúrù Mùíbàt tán pátápátá. Ó wọlé, ó ní lọ́la òde yìí, nígbà tí lọ́rì bá ń lọ sí Oǹdó, òun yóò wà nínú rẹ̀. Oǹdó, Ọkìtìpupa, Èkó, títí dé òkun. Bí òun bá dé òkun, òun yóò bi èèyàn léèrè, òun ní ẹnu. Ìró méjì, bùbá, ẹní ìkírun, kẹ́tùlù àlùwàlá àti gààrí díẹ̀ ni òun ń gbé. Kí oníkálukú wá kó ẹrù rẹ̀. Àgùntàn padà sí Atósìn lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó sì jọ pé inú rẹ̀ dùn.

Àìníà kò jà. Ó kàn ní, "O máa lọ ní tòótọ́?"

"Mo máa lọ ní tòótọ́, Ìyá. Ẹ má wulẹ̀ dárúkọ odó fún mi."

Ilẹ̀ mọ́, lọ́rì dúró níwájú ilé. Lèmọ́ọ̀mù wá ṣe àdúà ìrìnàjò. Mùyídéènì ń pàṣẹ fún dẹ́rẹ́bà lórí ọ̀nà tí dẹ́rẹ́bà ń wà lójoojúmọ́. Yẹ̀kínì fara pamọ́ sẹ́yìn ògiri. Lèmọ́ọ̀mù gbé ọwọ́ sókè, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka Fátíhà, ni Àìníà bá ti inú ilé jáde, ó rìn kọjá láàárín gbogbo wọn, ó sì lọ jókòó lórí ẹrù Mùíbàt.

"Ìyá, ẹ dìde. Ọkọ̀ fẹ́ lọ."

"N kò dìde."

"Kí ló tún kù? Ṣé ọlọ ni ẹ fẹ́ kí n rù báyìí?"

"Kì í ṣe ọkọ rẹ mọ́," ni Àìníà wí.

Lèmọ́ọ̀mù gbàgbé ọwọ́ rẹ̀ sókè.

"Yẹ̀kínì!" ni ìyá náà pè. "Jáde wá. Mo tú ọ sílẹ̀. Sọ fún un."

Yẹ̀kínì jáde bí olè tí wọ́n ká mọ́. Ó ní nígbà tí òun fẹ́ máa bọ̀ nílé, Búrẹ́mọ̀ pe òun àti ará Aládé kan tí àwọn jọ wọ ọkọ̀, ó sì sọ lójú àwọn méjèèjì pé kí wọ́n wí fún Mùíbàt pé òun ti kọ̀ ọ́, kí ó lọ fẹ́ ẹni tó wù ú. Búrẹ́mọ̀ ti láya níbẹ̀, ó ti bímọ. Kò ní padà wá mọ́. Panyá náà ló sì wà, kò lọ sí erékùṣù mìíràn kankan.

"Ará Aládé náà ní kí n jẹ́ iṣẹ́ náà. Mo kọ́kọ́ sọ fún Ìyá," ni Yẹ̀kínì wí. "Wọ́n ní kí n má là á fún ọ. Wọ́n sì ń fún mi lóńjẹ."

"Láti ọdún tó kọjá?"

"Láti ọdún tó kọjá."

"Yé! Ẹ gbà mí o!" ni Mùíbàt ké. "Láti ọdún tó kọjá! Mo dúró de èlùbọ́! Mo dúró de ọdẹ! Mo dúró de odó, èmi Mùíbàt!"

"Mo sì ti ṣètò gbogbo ọ̀nà tán," ni Mùyídéènì ń kùn.

Àìníà kò gbójú sókè. "Òun nìkan ni mo bí, kò sì ní wá mọ́. Bí mo bá sọ fún ọ, ìwọ náà á lọ. Mo ní ẹrù náà á sú ọ, wàá jókòó. Ṣùgbọ́n n kò lè wò ọ́ kí o lọ bómi lọ nítorí irọ́ tí mo pa."

Lèmọ́ọ̀mù wá sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Ó bi Yẹ̀kínì bóyá ó lè fi Kùránì búra, Yẹ̀kínì ní òun ṣe tán, ará Aládé náà sì wà láàyè, ẹ lè bi í. Lèmọ́ọ̀mù ní bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ ti tán, ìdúró tí obìnrin tí ọkọ kọ̀ gbọ́dọ̀ ṣe kó tó tún fẹ́ ẹlòmíràn pàápàá ti pé tipẹ́. "O ti bọ́, ọmọ mi."

Ó ti bọ́! Ohun tó ń wá láti ìgbà òjò rèé, ní ẹnu ọ̀nà ilé. Mùíbàt rò pé inú òun yóò dùn. Inú ń bí i ni, ó ń bí i débi pé etí rẹ̀ ń ho. Ọdún kan gbáko ni obìnrin yìí ti ń wò ó lójú, tí wọ́n jọ ń sùn, tí wọ́n jọ ń jí.

Dẹ́rẹ́bà fọn fèrè ọkọ̀. "Ṣé ẹ ń lọ, àbí ẹ ò lọ?"

"Mò ń lọ," ni Mùíbàt wí. "Aládé lo máa já mi sí." Ó gun lọ́rì, ó jókòó, ó na ọwọ́ sísàlẹ̀. "Ìyá, ẹ gbé ẹrù mi fún mi."

Àìníà dìde. Ó gbọn eruku ara ẹrù náà nù, ó gbé e fún un. Lẹ́yìn náà ó dúró lójú ọ̀nà, kò mọ ibi tí yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ sí. Lọ́rì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Mùíbàt wo òkè, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó pòṣé.

"Dẹ́rẹ́bà, dúró ná. Ìyá! N kò tíì dárí jì yín o. Ẹ gbọ́ mi dáadáa, n kò tíì dárí jì yín. Ẹ wọlé lọ di ẹrù yín."

Kò tó ìgbà tí èèyàn lè bu omi mu, Àìníà ti jáde padà. Ẹrù rẹ̀ wà lórí rẹ̀, okùn mọ́ ọn pinpin, ẹní ìkírun rẹ̀ wà lábẹ́ abíyá.

Mùíbàt la ẹnu. "Ìgbà wo lẹ dì í?"

"Láti ọjọ́ tí o ti ní o ń lọ sí Panyá," ni Àìníà wí, ó sì gbé ẹsẹ̀ kan lé ọkọ̀. "Mo mọ̀ pé bí o bá kọ̀ tí o ò jókòó, mo máa bá ọ lọ ni."