Idà Tó Ń Tàn fún Su-hsia

Ojú Su-hsia ti ń ṣe bàìbàì láti ìgbà òjò tó kọjá, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ àfi Yung-chieh, ọkọ rẹ̀. Ní ìdájí, òun àtàwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ a máa kó idà lọ sí ọgbà ìtura tó wà létí odò ní ìlú Kaohsiung, wọn a sì máa fi í jó tẹ̀lé orin. Láti ìgbà tó ti wà ní ọ̀dọ́ ló ti ń ṣe é. Lọ́jọ́ kan, idà rẹ̀ ṣèèṣì gbá ẹni tó dúró tì í níka. Ọgbẹ́ náà ò jinlẹ̀, ṣùgbọ́n olórí ẹgbẹ́ rọra fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní kó máa jókòó wo àwọn tó kù ná.

Ó délé, kò sunkún. Ó sọ fún ọkọ rẹ̀ pé, "Bàbá Yi-chun, òkùnkùn ìdájí yẹn ló ń dà mí láàmú. Tí idà yẹn bá ń tàn ni, màá máa rí ibi tó wà."

Yung-chieh, tó ti gbẹ́ irin títí nílé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi kó tó fẹ̀yìn tì, ò bá a jiyàn. Dókítà ti sọ fún un pé ojú náà ò ní oògùn, ṣíṣú ni yóò máa ṣú lọ. Síbẹ̀ ó gun alùpùpù rẹ̀, ó forí lé ọjà àwọn tó ń ta nǹkan ẹ̀rọ.

Ike funfun gbọọrọ tí iná lè là kọjá ló fi ṣe ara idà, ó wá ki gílóòbù kékeré kan tí kò ju èékánná lọ sínú èèkù rẹ̀. Iná náà mọ́lẹ̀ yòò. Kò pẹ́ tó gbóná, tó ń pọ́n, tó sì kú. Ó ra òmíràn, ìyẹn náà jóná. Ìyáàfin Fan tó ń tajà fún un fi í ṣẹ̀fẹ̀: "Bàbá, ṣé idà lẹ ń ṣe ni àbí ààrò? Gílóòbù tó lágbára tó báyìí, ẹ gbọ́dọ̀ fi irin sí i nídìí tí á máa gba ooru lára ẹ̀."

Ìyáàfin Fan kó irin náà síwájú rẹ̀ lóríṣiríṣi. Èyí tó fúyẹ́ jù lọ, kíá ló máa ń gbóná. Èyí tó ní eyín bí ooya ń fẹ́ atẹ́gùn, bẹ́ẹ̀ inú èèkù idà dí pa. Ó wá ku èyí tí wọ́n fi bàbà ṣe, tó wúwo bí òkúta. Obìnrin náà kìlọ̀ fún un pé ọwọ́ á máa ro ìyàwó rẹ̀. Yung-chieh gbé e wò, ó gbé e kalẹ̀, ó tún gbé e. Ìmọ́lẹ̀ ló ń wá. Bàbà ló mú.

Ó ń ha irin náà díẹ̀díẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, kó lè há mọ́ èèkù, kí ooru sì lè rọ́nà jáde. Ó ha àkọ́kọ́ jù, ó bàjẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Nílé, Su-hsia ti ń da tíì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ife, ó ti ń fọwọ́ wá ògiri. Yi-chun, ọmọ wọn, pè láti ìlú Taichung pé òun fẹ́ wá mú ìyá òun. Yung-chieh ní kó fara balẹ̀, iṣẹ́ ti fẹ́ẹ̀ parí.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ló parí. Ó tan idà náà ní pálọ̀, gbogbo ilé funfun báláú. Ó gbé e lé ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́. Su-hsia rọra fì í sọ́tùn-ún, ó fì í sósì, bó ṣe máa ń ṣe lọ́gbà.

"Ó wúwo díẹ̀," ló wí. "Ó dáa náà. Ẹ tàn án kí n wò ó."

Yung-chieh wo idà tó ń tàn lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bàbá Yi-chun?"

"Mo ti tàn án."

Ọwọ́ obìnrin náà dúró. Ó yí orí sọ́hùn-ún, ó yí i síhìn-ín, bí ẹni tó ń wá ẹni tó pè é. Ó wá fọwọ́ wá etí tábìlì, ó sì gbé idà náà lé e.

"Ẹ má bínú," ló sọ. "Ẹ ti ṣe wàhálà lórí ẹ̀ gan-an."

Kò padà sí ọgbà mọ́. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wá kí i, ó ní kí ọkọ òun sọ pé òun ń sùn. Yung-chieh a tan idà náà sílẹ̀, a jókòó tì í, a máa retí kó gbóná, kó jó, kó kú. Kò kú. Irin bàbà náà ń ṣiṣẹ́ rẹ̀, èèkù tutù, iná ò sì dín rárá. Su-hsia pè é láti ìdí oúnjẹ pé ẹ̀kọ ìrẹsì rẹ̀ ti ń tutù. Yung-chieh ní òun ń bọ̀. Kò dìde.