Àkekèé Tí Ó Sọ̀kalẹ̀ Lára Òkúta Ọba

Bí ẹ bá gbọ́ ọ ní Nípúrù, wọn á ní àkekèé tí wọ́n gbẹ́ sára òkúta ààlà Ìyá Ríṣátù ló sọ̀kalẹ̀ lọ́sàn-án gangan, ó na ìrù, ó lé Húnsù adití la oko ọkà bálì kọjá, ó ta á, ó sì padà sáyè rẹ̀ lára òkúta bí ẹni pé kò rìn rí. Kí ìròyìn náà tó dé Bábílónì, ajá tí wọ́n gbẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àkekèé náà ti ń gbó, ejò orí òkúta ti ń pòṣé, òṣùpá ibẹ̀ sì ti ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n rọra. Ọkùnrin kan tilẹ̀ búra pé ìràwọ̀ orí òkúta náà jábọ́ sẹ́sẹ̀ òun, òun sì fi dá iná ọbẹ̀.

Irọ́ pọ̀ níbẹ̀. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo rẹ̀ nirọ́.

Ọmọ abúlé wa ni Húnsù. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí esùsú etí odò, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kí ó máa po amọ̀ fún àwọn tó ń ṣe bíríkì, bí ó bá jí. Àárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo ni etí rẹ̀ di. Akéde dúró lẹ́nu bodè, ó ń pe orúkọ àwọn ọ̀dọ́ tí yóò lọ gbẹ́ odò ọba. "Húnsù!" Húnsù ò dáhùn. "Húnsù, ọmọ Táríbù!" Húnsù ń wo ẹyẹ. Akéde pariwo títí ohùn rẹ̀ fi há, ó ní, "Ẹ fi í sílẹ̀, etí rẹ̀ ti kú." Bí Húnsù ṣe di adití nìyẹn o. Kò sì kábàámọ̀ rẹ̀, torí pé àwọn ọba wa, ìran Kásì tí àwọn bàbá wọn ti orí òkè sọ̀kalẹ̀ wá, wọn a máa fi orúkọ bàbá àgbà sọ ọmọ-ọmọ, orúkọ náà sì gùn débi pé kí akéde tó pè é tán, ọba mìíràn ti jẹ. Àwa ò tiẹ̀ mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí ìkejì mọ́. Ohun tí a mọ̀ ni pé ọba tuntun, odò tuntun. Kò sí èyí tí kò fẹ́ kí á gbẹ́ ilẹ̀.

Adití jíjẹ́ dùn. Kò sí àṣírí tí wọn kì í sọ níwájú Húnsù. Ìyàwó baálẹ̀ a jókòó tì í, a bú ọkọ rẹ̀ láti orí dé àtàǹpàkò, a wá dìde, ara rẹ̀ a fúyẹ́. Ìyá Ríṣátù nìkan ló ń bú Húnsù fúnra rẹ̀. Bí ó bá ti fún un ní búrẹ́dì àti àlùbọ́sà nírọ̀lẹ́, yóò wò ó lójú, yóò ní, "Gbà, jẹ ẹ́, ọ̀lẹ ayé." Húnsù a rẹ́rìn-ín músẹ́, a jẹun.

Opó ni Ìyá Ríṣátù. Ọba àtijọ́ kan ló fún bàbá àgbà ọkọ rẹ̀ ní oko náà, nítorí pé ó fi èjìká gbé kẹ̀kẹ́ ogun ọba jáde nínú ẹrẹ̀. Ọba náà ri òkúta mọ́ etí oko, ó ní kí wọ́n gbẹ́ àmì àwọn òrìṣà sí i, kí wọ́n sì kọ ègún sábẹ́ wọn: ẹni tí ó bá ṣí òkúta yìí nídìí, kí omi kún ikùn rẹ̀, kí ẹ̀tẹ̀ bò ó bí aṣọ, kí ó máa rìn kiri lẹ́yìn odi ìlú bí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ìgbẹ́.

Ẹni tí oko rẹ̀ bá ti opó náà pààlà ni Olóyè Kárísíyà, olórí àwọn tó ń tọ́jú ẹṣin ọba. Ọkùnrin yìí mọ orúkọ bàbá ẹṣin kọ̀ọ̀kan, ó mọ ti bàbá bàbá rẹ̀, àmọ́ tí ó bá fẹ́ pe ọmọ tirẹ̀, "Ìwọ yìí" ló ń sọ. Koríko oko Ìyá Ríṣátù wọ̀ ọ́ lójú fún àwọn ẹṣin rẹ̀. Ègún ló ń bà á lẹ́rù. Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn wa gbà pé etí ni ègún ń gbà wọlé, pé ẹni tí kò bá gbọ́, ègún ò ní rí ibi bà sí lára rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí olówó tó bá fẹ́ jí ilẹ̀ fi ń wá adití kiri bí ẹni ń wá ìyàwó.

Ni Kárísíyà bá tọ Húnsù wá. Ó nàka sí òkúta, ó nàka sí ẹ̀yìn ara rẹ̀, ó nàka sí àgùntàn kan tó sanra. Ọ̀rọ̀ yé Húnsù. Bí ó bá sọ pé ègún ń ba òun lẹ́rù, báwo ni adití ṣe gbọ́ nípa ègún? Odò ọba nìyẹn. Bí ó bá sì gbé òkúta, etí rẹ̀ méjèèjì ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ègún á wọlé bí àna tó wá sọdún. Ó pinnu pé òun á gbé e díẹ̀, òun á wá ṣe bí ẹni dákú.

Lọ́sàn-án, nígbà tí gbogbo abúlé ń sùn, wọ́n dé ìdí òkúta. Kárísíyà dúró sẹ́yìn rẹ̀.

"Húnsù, ejò!"

Húnsù ò mira.

"Húnsù, ilé ẹ ń jó!"

Húnsù họ orí.

"Húnsù, ìyá ẹ ń bọ̀ pẹ̀lú pàṣán!"

Ibí yìí ló kù díẹ̀ kí ó sá. Àmọ́ ó mú ọkàn le. Ọkàn Kárísíyà balẹ̀, ó ní, "Ó dáa. Gbé e dé ìdí ọ̀pẹ ọ̀hún. Oko opó yẹn ti di tèmi nìyẹn."

Húnsù gbé òkúta náà kọ́ ẹ̀yìn. Ó ti rìn dé àárín oko opó, ó ń wá ibi tó rọ̀ tí yóò dákú sí, nígbà tí Kárísíyà lọgun lẹ́yìn rẹ̀.

"Húnsù! Àkekèé wà lọ́rùn ẹ!"

Húnsù rẹ́rìn-ín nínú. Olóyè yìí rò pé ọmọdé lòun.

"Mo fi ẹṣin mi búra, Húnsù, àkekèé ni!"

Àkekèé ni lóòótọ́. Abẹ́ òkúta ló ń gbé, wọ́n sì ti gbé ilé rẹ̀ lọ láìtọrọ àyè. Ó ta Húnsù. Húnsù ju òkúta sílẹ̀, ó fò sókè bí ẹṣin tí iná jó, igbe tó ké sì jí ewúrẹ́ abúlé kejì: "Mo ti gbọ́! Ẹ̀yin òrìṣà, mo ti gbọ́ o!"

Gbogbo abúlé tú jáde. Ṣé Húnsù adití kọ́ ló ń fohùn bẹ́ẹ̀? "Òrìṣà ti la etí rẹ̀!" Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti ń gbé ọtí àti ìyẹ̀fun wá síbi tí òkúta dùbúlẹ̀ sí. Kárísíyà, tó ti sá pamọ́ sábẹ́ ikùn ẹṣin rẹ̀, yọjú wò ó, ọgbọ́n sì wá sí i lórí.

Lọ́jọ́ kejì, ó dúró níwájú baálẹ̀ àti àwọn àgbà lẹ́nu bodè.

"Ẹ̀yin àgbà, èmi ò rán ẹnikẹ́ni o. Adití yìí ló lọ gbé òkúta fúnra rẹ̀. Àmọ́ níbo ni òrìṣà ti la etí rẹ̀? Níbi tí òkúta bọ́ sí! Ibi tí òrìṣà bá sọ òkúta kalẹ̀ sí, ibẹ̀ ni ààlà. Ta ni mo jẹ́ tí n ó bá òrìṣà du ilẹ̀?"

Àwọn àgbà ń mi orí. Wọ́n ti mu nínú ọtí òrìṣà náà dáadáa.

"Ẹ ò lè fi iṣẹ́ ìyanu jí oko mi gbé!" Ìyá Ríṣátù ké. "Ara òkúta yẹn náà ni wọ́n kọ ọ́ sí pé ègún ni fún ẹni tó bá rán adití, tó rán afọ́jú, tó rán òmùgọ̀. Ta ló rán an?"

"Ẹ bi í wò," ni Kárísíyà wí. "Adití ni títí di àná. Kí ni adití lè gbọ́ tí yóò rò?"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Húnsù wo Ìyá Ríṣátù. Ó wo akéde, tó fara ti bodè, tó ti ń wo apá Húnsù bí ẹni ń yẹ ẹran wò lọ́jà. Ó wá dìde, ó fọwọ́ di ẹ̀yìn mú.

"Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ti da ọ̀rọ̀ mi rú. Kò sí òrìṣà kankan tó la etí mi. Etí mi ò di rí."

"Húnsù!" Ìyá rẹ̀ ló lọgun láàárín èrò. "Gbogbo bí mo ṣe ń pè ọ́ pé kí o wá pọn omi láti ọdún yìí wá?"

"Mo gbọ́ ọ, ìyá mi. Ẹ ní sùúrù, ẹ jẹ́ ká parí ọ̀rọ̀ oko ná. Bàbá Akéde, mo rí yín, n ó tẹ̀ lé yín, ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀ tán. Àkekèé ara òkúta ṣì wà lára òkúta, ẹ lọ wò ó. Èyí tó ta mí, abẹ́ rẹ̀ ló ń gbé, kò sì lé mi. Mo ti sá kí ó tó mọ̀ pé òun ta èèyàn. Kì í sì í ṣe ọrùn ló ti ta mí o. Ọrùn ni Olóyè sọ, àmọ́ kí n tó gbà pé òótọ́ ló ń sọ lẹ́ẹ̀kan láyé rẹ̀, àkekèé ti rìn dé ìdí mi."

"Irọ́ ni!" ni Kárísíyà wí.

"Olóyè, ẹ̀yin lẹ sọ pé kí n gbé e dé ìdí ọ̀pẹ, pé oko opó ti di tiyín nìyẹn. Mi ò dé ìdí ọ̀pẹ. Ibi tí ìdí ti ta mí ni mo sọ ọ́ sí. Ẹ̀yin àgbà, ká ní iwájú ilé baálẹ̀ ni àkekèé ti ta mí, ṣé ẹ ó wá gbé ilé baálẹ̀ fún Olóyè ni?"

Baálẹ̀ ló kọ́kọ́ fò dìde, ó ní, "Ẹ gbé òkúta yẹn padà sáyè rẹ̀ létí oko opó, kíá!"