Abọ́ Sàráà ní Kofar Marke

Kí Ọ̀gá Ọbádélé tó fọwọ́ kan orí ọmọ, á kọ́kọ́ fa aṣọ ìnujú funfun yọ lápò, á tẹ́ ẹ sí àtẹ́lẹwọ́, á wá gbé ọwọ́ náà lé orí ọmọ. Á rọra tẹ̀ ẹ́, bí ẹni ń wò ó bóyá iṣu ti jinná. Lẹ́yìn náà á ká aṣọ náà pa dà, ibi tó kan orí ọmọ á wà nínú. Àánú ló ń pe èyí.

Isaac Ọbádélé, ará Ìjẹ̀bú, ni ọ̀gá àgbà ilé ìwé kékeré kan lẹ́bàá Sama Road, níbi tí ọmọ àwọn àlejò ti ń kàwé: ọmọ akọ̀wé ìjọba, ọmọ òṣìṣẹ́ báńkì, ọmọ oníṣòwò láti Ìlọrin àti Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ti dé Sókótó kí òmìnira tó dé. Títí di àkókò yìí, èdè Hausa rẹ̀ kò kọjá kíkí àti bíbéèrè iye ẹran. Ó ní èdè ọjà ni.

Ohun tó mọ̀ dáadáa ni bí a ti ń ṣe rere lójú ènìyàn. Bí bàbá ọmọ kan bá kú, ọmọ náà á gun orí àga ní ìpéjọ àárọ̀, kí gbogbo ilé ìwé lè wò ó bí wọ́n ṣe ń gbàdúrà fún un. Àwọn òbí wá ń fi ìṣòro pamọ́ fún ilé ìwé bí ẹni ń fi òròmọdìyẹ pamọ́ fún àṣá. Ọ̀gá Ọbádélé rí i pé ìṣòro kò pọ̀ láàárín àwọn ènìyàn òun. Ó máa ń fi yangàn fún àwọn alábẹ̀wò tí ìjọba ń rán wá.

Ní ọdún 1964, Títí, tíṣà kíláàsì kẹta, ṣàkíyèsí ọmọ kan tó ń jẹ́ Kúbúrá. Ojoojúmọ́ ló ń pẹ́ dé, ẹfun tí àwọn aránṣọ fi ń fàlà sì máa ń wà ní ìka rẹ̀. Títí kò nà án. Lọ́jọ́ kan, ó tẹ̀ lé e dé ilé wọn ní Kofar Marke.

Aránṣọ ni Ìyàndá, bàbá Kúbúrá. Bàbáńríga tó bá rán, àwọn àgbà ìlú a máa wọ̀ ọ́ lọ kírun Jímọ̀. Ṣùgbọ́n nǹkan funfun kan bí omi ogì ti ń bo ẹyin ojú rẹ̀. Kúbúrá ló ń fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ ní àárọ̀, òun ló ń fàlà sára aṣọ. Ọwọ́ bàbá rẹ̀ mọ ìyókù. Àwọn oníbàárà kò tíì fura.

"Tíṣà, ẹ bò wá láṣìírí," ni Àgbékẹ́, ìyá ọmọ náà, wí. "Ọjọ́ tí wọ́n bá gbọ́ pé ojú aránṣọ ń lọ, ọjọ́ náà ni wọ́n á wá kó aṣọ wọn."

Títí tọ Ọ̀gá Ọbádélé lọ. Ohun tó béèrè kò pọ̀. Kí wọ́n jẹ́ kí Kúbúrá máa dé lẹ́yìn ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́. Dókítà ojú kan sì máa ń ti Kano wá sí ọsibítù lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan; ẹni tí wọ́n bá mọ̀ ló ń tètè rí i, àgbà nọ́ọ̀sì ibẹ̀ sì ń bá Ọ̀gá kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ti tó.

"Ẹ jọ̀wọ́ sà, ẹ má jẹ́ kó jáde. Bí a bá tètè ṣe é, ojú náà ṣì lè yè."

"Miss Títí, oore kì í ṣe olè. Èwo ni ti bòókẹ́lẹ́?"

"Iṣẹ́ rẹ̀ ni, sà. Bí wọ́n bá mọ̀—"

"Bí wọ́n bá mọ̀, wọ́n á mọ̀ pé ilé ìwé wa láàánú."

Ó pàṣẹ kí àwọn ọmọ mú oúnjẹ wá láti ilé. Ọjọ́ Jímọ̀ ló yàn, lẹ́yìn ìrun, nítorí pé èrò á pọ̀ lójú pópó. Mamman, mẹ́sẹ́ńjà ilé ìwé, ará Wamakko tó gbọ́ Yorùbá, rọra sún mọ́ ọn.

"Ọ̀gá, ẹ yan ọjọ́ mìíràn. Níbí, bí wọ́n bá gbé abọ́ wá bá ẹni tó jókòó lójúde lọ́jọ́ Jímọ̀, sàráà ni. Alágbe ni wọ́n ń gbé e fún."

"Mamman, ìwọ ni hẹ́dímásítà?"

"A'a, rárá o, Ọ̀gá."

Wọ́n tò lọ, abọ́ tánńganran lórí, orin lẹ́nu. Kúbúrá ni Ọ̀gá fi síwájú, abọ́ tó tóbi jù sì ni wọ́n gbé rù ú. Ìyàndá wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ lábẹ́ igi dóńgóyárò. Ó gbọ́ orin kó tó mọ̀ pé ọ̀dọ̀ òun ni wọ́n ń bọ̀.

Ọ̀gá Ọbádélé sọ̀rọ̀ pẹ́. Nígbà tó rí i pé àwọn tó ń ti mọ́sáláṣí bọ̀ ti dúró, ó ní kí Mamman túmọ̀ rẹ̀ fún wọn.

"Ọ̀gá, kí n sọ gbogbo rẹ̀?"

"Sọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́!"

Mamman wolẹ̀, ó sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni òpópónà gbọ́: makaho. Afọ́jú. Bàbá arúgbó kan yọ tọ́rọ́ lápò, ó jù ú sórí aṣọ tó wà nítan Ìyàndá, ó ní kó gbàdúrà fún òun. Ìyàndá kò fọwọ́ kàn án. Ẹ̀rọ kò dún mọ́.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, Alhaji Shehu, ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà, dé. Ó kí Ìyàndá dáadáa, ó ní kó sinmi, ó ká bàbáńríga rẹ̀ lọ pẹ̀lú abẹ́rẹ́ lára rẹ̀. Àwọn yòókù kò tilẹ̀ wá fúnra wọn. Ọmọ ni wọ́n rán. Lẹ́yìn wọn ni Hùsèínì, afọ́jú kan, wá, tòun tọ̀pá. Àwọn afọ́jú ìlú ní olórí tiwọn, Sarkin Makafi. Òun ló rán an láti kí ọmọ ẹgbẹ́ tuntun káàbọ̀, kó sì fi ibi tí yóò máa jókòó ṣagbe hàn án. Hùsèínì kò fi ṣẹ̀sín. Nínú gbogbo àwọn tó wá ran Ìyàndá lọ́wọ́, òun nìkan ló béèrè ohun tó fẹ́.

Kúbúrá kò wá sílé ìwé mọ́. Ọ̀gá kò mọ̀, àfi nígbà tó kù dẹ̀dẹ̀ kí alábẹ̀wò dé. Ó wá sí Kofar Marke fúnra rẹ̀.

"Ìyàndá," ló pè é, bẹ́ẹ̀ Ìyàndá dàgbà jù ú lọ. "Ọmọ rẹ dà? Alábẹ̀wò ń bọ̀ lọ́la. Mo fẹ́ kó rí i."

Àgbékẹ́ ló dáhùn. "Ẹ kú àánú, Ọ̀gá. Ó ń kiri àkàrà ní Wamakko."

"Àkàrà? Lẹ́yìn gbogbo ohun tí a ṣe?"

"Lẹ́yìn gbogbo ohun tí ẹ ṣe ni o."

Ó wo ṣọ́ọ̀bù yíká. Kò sí aṣọ lórí okùn. "Ẹ̀yin ènìyàn yìí kò moore. Ẹ yá mi ní ọmọ náà lọ́la nìkan. Màá fún un ní yunifọ́ọ̀mù tuntun."

"Ẹ̀rọ là ń tà báyìí," ni Ìyàndá wí. Ó kọjú síbi tí ohùn ti wá. "Ẹ bá wa wá ẹni tí yóò rà á. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń kéde."

Ọ̀gá yíjú sí ẹnu ọ̀nà.

"Dókítà Kano ń kọ́, Ọ̀gá?" ni Àgbékẹ́ béèrè. " Tíṣà Títí ní ọ̀rọ̀ ẹnu yín tó o."

"Dókítà?" Ọ̀gá Ọbádélé na ọwọ́ mú fìlà rẹ̀. "Áà. Ìyẹn ti wá. Ó ti pa dà lọ."

Ó dé fìlà rẹ̀, ó tún un tò, ó jáde sínú oòrùn, ó sì gba ọ̀nà Sama Road lọ.