Pẹ́ńtì Funfun Láyà Ẹyẹ

Títí di òní, bí mo bá rí ẹni tó ń fi pẹ́ńtì kọ nọ́ńbà sẹ́yìn àga, ara mi máa ń bù máṣọ. Ọ̀pọ̀ nǹkan tó bí mi nínú nígbà náà ni mo ti ń fi rẹ́rìn-ín báyìí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àwọn ẹyẹ kan ṣì ń rí mi lára.

Tíṣà tó kọ́ mi ní báyọ́lọ́jì ní Oǹdó ló ni àwọn ẹyẹ náà. Láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ ló ti ń kó ẹyẹ ilẹ̀ wa jọ. Àwọn ọdẹ mọ̀ pé èyí tó bá jẹ́ tirẹ̀, wọn kò gbọ́dọ̀ wi ín níná. Yóò bó awọ náà tìyẹ́tìyẹ́, yóò fi òwú dípò ẹran, yóò rán an, yóò wá so páálí kékeré mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Ibi tí wọ́n ti rí ẹyẹ náà, ọjọ́ tí wọ́n rí i, akọ ni àbí abo, gbogbo rẹ̀ wà nínú páálí yẹn. Láìsí i, kò sí ẹni tó lè jẹ́rìí pé irú ẹyẹ bẹ́ẹ̀ gbé inú igbó wa rí.

Nígbà tó dàgbà, tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń ráhùn pé ilé ń rùn, ó kó gbogbo wọn fún mi ní ilé-ìwé ìjọba tí mo ti ń kọ́ni ní Àkúrẹ́. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ Èkìtì kúrò lára Ìpínlẹ̀ Oǹdó wa ni. Gbogbo ilé iṣẹ́ ń ka ẹrù, nítorí pé àwọn ọ́dítọ̀ ń bọ̀.

Díákónì kan, ará Ọ̀wọ̀, ló ń ṣọ́ sitọ́ọ̀ wa. Mo lọ kí àbúrò mi kú ewu ọmọ ní Ìjàpó, ìgbà tí mo fi dé, díákónì ti fi rẹ́sà gé gbogbo páálí kúrò lẹ́sẹ̀ àwọn ẹyẹ. Ó wá fi pẹ́ńtì funfun kọ nọ́ńbà sí wọn láyà, bó ṣe kọ ọ́ sí àga àti bẹ́ǹṣì. Agbe tó dára bẹ́ẹ̀, pẹ́ńtì ti lẹ ìyẹ́ àyà rẹ̀ pọ̀.

"Páálí ẹsẹ̀ wọn dà?"

"Àwọn ìdọ̀tí yẹn? Mo ti dáná sun wọ́n, mà. Gbogbo ẹrù ìjọba gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà. Wọn ò lè sọnù mọ́ báyìí."

Ó ń nu ọwọ́, ó ń retí kí n kí òun kú iṣẹ́. Ariwo tí mo pa ló mú pìrìnsípà jáde.

"Ẹ rọra, mà. Òkò àbínújù kì í pẹyẹ."

"Àwọn ẹyẹ yìí ti kú tẹ́lẹ̀, sà. Ẹ̀yin lẹ tún wọn pa."

Mo ránṣẹ́ sí Tíṣà. Ó wá láti Oǹdó, kò bá ẹnikẹ́ni jà. Páálí tuntun àti bírò ló béèrè. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí àwọn tó dá a lójú: agbe láti Ìdànrè, àkókó láti Ilé-Olújì, òwìwí láti Ìkẹ́rẹ́. Ó wá kan àwọn kéékèèké aláwọ̀ ilẹ̀, tí wọ́n pọ̀ jù. Ó yí ọ̀kan padà, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i níyẹ́, ó gbé e sílẹ̀, ó tún gbé e.

"Mi ò rántí," ló wí.

Pìrìnsípà wo aago. "Ẹ kàn kọ Oǹdó sí gbogbo wọn, Bàbá. Ìpínlẹ̀ Oǹdó náà ni gbogbo rẹ̀."

Díákónì ní ìyẹn á tiẹ̀ yá. Ó ní Ìkẹ́rẹ́ gan-an kò sí ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó mọ́, àwọn ọ́dítọ̀ lè ní kí àwọn dá òwìwí yẹn padà fún Èkìtì. Mo kórìíra àwọn méjèèjì, ojú sì tì mí fún gbogbo wa tí a ń gba owó oṣù nínú ọgbà yẹn.

Tíṣà fi ìdérí dé bírò. Ó tú páálí mẹ́ta tó ti so, ó kó wọn sápò. Pìrìnsípà bi í léèrè ìdí tó fi tú àwọn yẹn náà.

"Ẹni tó bá rí òótọ́ mẹ́ta láàárín irọ́, yóò gba irọ́ yòókù gbọ́," ni Tíṣà wí. "Ẹ máa tọ́jú ìyẹ́ yín."

Ó dé fìlà rẹ̀, ó sì bi mí pé níbo lòun ti máa wọ mọ́tò Oǹdó.