Ìyá Alágbàfọ̀ Tó Bá Mi Ká Táwẹ̀lì Nísàlẹ̀ Ọkọ̀

Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n máa ń mú àwọn àlejò wá wò wá. Ọkọ̀ òkun ìgbafẹ́ ni mo ń bá ṣiṣẹ́ nígbà náà, ọkọ̀ tó tóbi bíi pé wọ́n to ilé alájà púpọ̀ sórí omi, táwọn èèyàn ń sanwó láti wá sinmi nínú ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì. Tí ìlúwẹ̀ẹ́ àti oúnjẹ bá ti sú àwọn kan nínú wọn, wọ́n á tún sanwó sí i kí wọ́n lè mú wọn wọ ibi tí àlejò kì í dé: ilé ìdáná, ibi tí wọ́n ń kó ẹran dídì sí, yàrá tí wọ́n ti ń ṣọ́ ẹ́ńjìnnì, kí wọ́n tó wá gùnkè lọ sí ibi tí wọ́n ti ń tu ọkọ̀. Láàárín ilé ìdáná àti ẹ́ńjìnnì ni wọ́n máa ń yà lọ́dọ̀ tiwa. Alágbàfọ̀ ọkọ̀ ni wá.

Mushin ni wọ́n bí mi sí, ní Ìdí-Oró. Télọ̀ ni bàbá mi, ìyá mi ń ta òwú àti bọ́tìnnì níwájú ṣọ́ọ̀bù bàbá mi. Mo kàwé díẹ̀ ní Yaba, mo wáṣẹ́ títí ọ̀nà ọ́fíìsì àwọn èèyàn fi sú mi, kí ẹnì kan tó mú mi mọ àwọn tó ń gba òṣìṣẹ́ sínú ọkọ̀. Oṣù mẹ́sàn-án la máa ń lò lórí omi ká tó wálé fún oṣù méjì. Nígbà tí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀, ẹ̀ẹ̀kẹrin tí mo lọ nìyẹn. Ìyàwó mi àti ọmọ wa obìnrin wà ní Ìwáyà nínú yàrá méjì tí a gbà.

Ìsàlẹ̀ ojú omi gan-an ni ibi iṣẹ́ wa. Kò ní fèrèsé. Oúnjẹ la fi ń mọ àkókò: tí wọ́n bá ti gbé ẹyin sílẹ̀ fún wa, a mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́ lókè. Ooru ibẹ̀ kì í ṣe ooru oòrùn, ooru aṣọ tútù tó ń gbẹ ni, ó máa ń wọni lára bí ìgbà tí èèyàn bá dojú kọ ìkòkò tó ń hó. Ẹsẹ̀ mi á wú débi pé tí mo bá bọ́ bàtà, ojú okùn bàtà á ṣì wà lára ẹsẹ̀ mi títí mo fi máa tún un wọ̀. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì, táwẹ̀lì, aṣọ tábìlì, yunifọ́ọ̀mù. A á fọ̀ wọ́n tán, wọ́n á tún kó òmíràn dé. Mi ò rí ọjọ́ kan rí tí ilẹ̀ ibẹ̀ ṣófo.

Tó bá di Ọjọ́bọ̀, ọ̀gá wa, ará Filipínì kan tí irun ẹ̀ ti funfun tán, á ní ká kó àwọn fáànù kéékèèké tí a fowó ara wa rà pamọ́, ká wọ yunifọ́ọ̀mù tuntun, ká sì rẹ́rìn-ín. Á fi ìka méjì fa ẹ̀kẹ́ ẹ̀ sókè láti fi hàn wá bí ẹ̀rín náà ṣe gbọ́dọ̀ rí. Tí àlejò bá béèrè ọ̀rọ̀, ká dáhùn ní ṣókí. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ sọ pé ó rẹ òun.

Lọ́jọ́bọ̀ tí mò ń wí yìí, ẹ̀rọ tó ń bá wa ká táwẹ̀lì ti bàjẹ́ láti ọjọ́ kejì sẹ́yìn. Wọ́n da aṣọ bò ó kí àwọn àlejò má baà rí i, ni wọ́n bá ní kí èmi dúró ti tábìlì kan kí n máa fọwọ́ ká a. Àwọn àlejò wọlé ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́, ọmọbìnrin tó ń mú wọn yí ká ń ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń fọṣọ, ẹ̀ṣọ́ kan tó jẹ́ ará Nepal wà lẹ́yìn wọn kí ẹnì kankan má baà ṣáko. Níwájú ẹ̀ṣọ́ yìí ni mo ti rí ìyá àgbàlagbà kan tó wọ ìró àti bùbá àǹkárá, ó fi kádígàn lé e, ó wọ bàtà kẹ́ńfáàsì, ó mú ọ̀pá dání.

Mi ò tíì rí ìyá tó wọ ìró nínú ọkọ̀ yẹn rí. Ó wù mí kí n kí wọn, ṣùgbọ́n mo rántí òfin, mo tẹjú mọ́ táwẹ̀lì mi. Irin kan dábùú ẹnu ọ̀nà wa, ó ga tó ọrùn ẹsẹ̀. Bí ìyá yẹn ṣe fẹ́ dá a kọjá, bàtà wọn kọ́ ọ.

"Ẹ rọra o, mà!" Ẹnu mi ti sọ ọ́ kí n tó mọ̀.

Wọ́n di ilẹ̀kùn mú, wọ́n dúró. Wọn ò wo ẹsẹ̀ wọn rárá. Wọ́n ní, "Ta ló sọ̀rọ̀ yẹn?"

Mo ní, "Èmi ni, mà. Ẹ káàsán, mà."

"Ọmọ Yorùbá! Nísàlẹ̀ yìí? Ọmọ ibo ni ẹ́?"

"Mushin, mà."

"Mushin ibo?"

"Ìdí-Oró, mà."

Wọ́n pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, ọ̀pá wọn fẹ́ẹ̀ bọ́. "Ìdí-Oró tí mo ti fọṣọ láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọge, títí mo fi bí ọmọ mẹ́rin! Alágbàfọ̀ ni mí o. Áyọ́ọ̀nù eléèédú ni mo fi bẹ̀rẹ̀."

Ọmọkùnrin wọn, tó ti dàgbà, tó ní irungbọ̀n, wá láti iwájú. Ó ní, "Mọ́mì, wọ́n ti ń lọ. Ẹ jẹ́ ká máa bá wọn lọ."

"Máa lọ. Ẹ́ńjìnnì kí ni mo fẹ́ lọ wò? Èyí tí mo mọ̀ ni mo ń wò yìí."

Wọ́n fa àpò aṣọ kan tó wà nílẹ̀ sún mọ́ tábìlì mi, wọ́n jókòó lé e. Ọmọ wọn wo ẹ̀ṣọ́, ẹ̀ṣọ́ wo ọmọbìnrin tó ń mú wọn yí ká. Ọmọbìnrin náà wo aago. Níkẹyìn, ó ní kí ẹ̀ṣọ́ dúró ti ìyá, òun á padà wá mú wọn. Àwọn yòókù lọ.

Kí n tó ṣíjú, ìyá ti fa táwẹ̀lì kan lọ́wọ́ mi. Mo bẹ̀ wọ́n. Mo ní, "Mà, ẹ jọ̀ọ́, wọn ò gbà kí àlejò ṣiṣẹ́." Wọ́n ká a sí mẹ́ta, wọ́n fọwọ́ gbá a, wọ́n tún un ká, wọ́n gbé e lé tèmi. Tiwọn dára ju tèmi lọ. Àwa méjèèjì jọ ń ká a.

Wọ́n sọ fún mi pé bàbá ilé àwọn kú, kò tíì pé ọdún kan. Àwọn ọmọ wọn tó wà lókè òkun ló ní kí wọ́n wá sinmi lórí omi. "Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni ẹnì kan tí mi ò mọ̀ rí ń wá tẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún mi," wọ́n ní. "Tí mo bá fẹ́ ṣan abọ́, wọn á gbà á. Tí mo bá dìde, wọn á ní kí n jókòó. Ọmọ mi, ìsinmi ọ̀hún ti rẹ̀ mí."

Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín gidi ni, kì í ṣe èyí tí ọ̀gá wa kọ́ wa.

Wọ́n wò mí. Wọ́n ní, "Ó rẹ ìwọ náà."

"Rárá o, mà. A wà dáadáa."

"Mi ò bi ọ́ bóyá ẹ wà dáadáa." Wọ́n mú táwẹ̀lì mìíràn. "Ìyàwó ń kọ́?"

"Ó wà, mà."

"Ọmọ ń kọ́?"

"Ó wà, mà. Ó ti bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé."

"Ìyá ẹ ń kọ́?"

Ìbéèrè tí gbogbo èèyàn máa ń béèrè nílé nìyẹn. Láti ọ̀sẹ̀ márùn-ún tó ti ṣẹlẹ̀, kò sẹ́ni tó bi mí léèrè ẹ̀ ní èdè tí ìyá mi gbọ́.

Mo ní, "Wọ́n ti kú, mà. Oṣù tó kọjá."

Ọwọ́ wọn dúró. "O lọlé?"

"Mi ò lọ, mà. Orí omi la wà. Ẹ̀gbọ́n mi fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù mi pé wọ́n ti sin wọ́n. Nígbà tí mo fi máa rí i, wọ́n ti ṣe é tán."

Mo sọ fún wọn pé ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn ni mo wà nígbà tí mo ka ọ̀rọ̀ náà, nítorí pé ibẹ̀ nìkan ni fóònù ti ń ṣiṣẹ́ fún wa. Ọ̀gá wa ní kí n lọ sùn títí di ọjọ́ kejì. Mo dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, èmi àti ẹlòmíràn la jọ ń lo yàrá yẹn, òun náà sì ń sùn, mi ò lè pariwo. Lọ́jọ́ kejì, mo padà sídìí táwẹ̀lì.

Ìyá fi ọ̀pá wọn dìde. Ó pẹ́ kí wọ́n tó nàró tán. Wọ́n di ọwọ́ mi méjèèjì mú, pẹ̀lú táwẹ̀lì tó wà nínú ẹ̀, wọ́n kí mi bó ṣe yẹ kí wọ́n kí ọmọ olóòkú. Wọ́n ní, "O kú àfẹ́kù, ọmọ mi. O kú ìrójú. Ọlọ́run á forí jì wọ́n. Ẹ̀yìn wọn á dáa. Ìwọ náà á dàgbà, ọmọ tìrẹ ló máa sin ọ́, ojú ẹ ò ní rí ibi lórí omi yìí."

Mo fẹ́ ṣe àmín. Ẹkún ló jáde. Mo sunkún bí ọmọ kékeré, mo fi táwẹ̀lì àlejò bojú. Ẹ̀ṣọ́ ará Nepal yẹn yíjú sí ara ògiri, ó ń ka ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́bẹ̀ nípa ohun tí èèyàn máa ṣe tí iná bá sọ. Ó kà á pẹ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń bá iṣẹ́ wọn lọ, wọn ò wo ọ̀dọ̀ mi.

Nígbà tí ọmọ wọn padà wá, ojú mi ti gbẹ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó rí i. Ó béèrè lọ́wọ́ ìyá ẹ̀, "Kí lẹ ṣe fún wọn?"

Ìyá ní, "Mo kí i ni." Wọ́n wá yíjú sí mi. "Tó o bá délé, máa bọ̀ ní Surulere. Ẹ̀yìn pápá ìṣeré ni ilé mi wà. Béèrè Ìyá Alágbàfọ̀, ẹnikẹ́ni á mú ọ wá."

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá wa pè mí, ó gbé ìwé kan síwájú mi. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé mo jẹ́ kí àlejò ṣiṣẹ́, àti pé mo sunkún lójú àlejò. Ó ní kí n fọwọ́ sí i. Ó béèrè ohun tí ìyá yẹn sọ fún mi. Mo ní wọ́n kí mi kú àfẹ́kù ìyá mi ni.

Ó ní bàbá òun náà kú nígbà tí òun wà lórí omi. Ó wá ti bírò sún mọ́ mi. Mo fọwọ́ sí i.

Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n ta okùn aláwọ̀ ọsàn dí ẹnu ọ̀nà wa. Ìta ni àwọn àlejò ti ń na ọrùn wò wá. Ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní ó dáa bẹ́ẹ̀, nítorí pé eyín èèyàn kì í hàn láti ibi tó jìn, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ tí a ò bá rẹ́rìn-ín.

Ìgbà òjò ni mo délé. Ẹ̀gbọ́n mi mú mi lọ síbi tí wọ́n sin ìyá wa sí. Òjò ti ṣan ilẹ̀, àmì tí wọ́n fi síbẹ̀ ti lọ. Ẹ̀gbọ́n mi dúró níwájú òkìtì kan, ó ní, "Ibí ni." Ó lọ síwájú díẹ̀, ó tún padà. "Àbí èyí." Ojú tì í. Mo ní kó má ṣe ìyọnu. Mo dúró láàárín òkìtì méjèèjì, mo ṣe àdúà, mo ní kí Ọlọ́run forí ji ìyá mi àti ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ẹnikẹ́ni tó bá jẹ́.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, mo lọ sí Surulere. Ẹni àkọ́kọ́ tí mo bi ló mú mi dé ilé ìyá. Wọ́n wà lórí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n ti gbẹ sí i, ṣùgbọ́n bí mo ṣe kí wọn ni wọ́n ní, "Ọmọ Ìdí-Oró." Wọ́n gbé fọ́tò kan jáde tí àwọn ọmọ wọn fi dígí sí: gbogbo àwọn tó bá wọn rìn yí ọkọ̀ ká lọ́jọ́ yẹn, tí wọ́n to ara wọn lókè níbi tí wọ́n ti ń tu ọkọ̀. Ìyá ò sí nínú ẹ̀.

"Wọ́n ń bínú pé mi ò sí níbẹ̀," wọ́n ní. "Mo ní èmi mọ ibi tí mo wà. Ibi kan ṣoṣo tí mo ti gbádùn nínú ọkọ̀ yẹn nìyẹn."

Wọ́n béèrè bóyá mo máa padà. Mo ní wọ́n ti ránṣẹ́ sí mi, ṣùgbọ́n mi ò tíì mọ̀. Mo rò pé wọ́n á gbà mí nímọ̀ràn. Nígbà tí mo wò wọ́n, wọ́n ti sùn lọ lórí àga. Mo jókòó tì wọ́n títí ọmọ wọn obìnrin fi ti ọjà dé.

Mo padà lọ sórí omi lẹ́ẹ̀kan sí i. Owó ilé ìwé ọmọ ló lé mi lọ. Nígbà tí mo padà délé, àwọn mìíràn ló ń gbé ilé ìyá tó wà lẹ́yìn pápá ìṣeré. Wọ́n ní àwọn ọmọ ìyá ti wá mú wọn lọ sókè òkun. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n ṣì wà láyé.

Ilé ìtura kan ní Yaba ni mo ti ń fọṣọ báyìí. Iṣẹ́ kan náà ni, owó ẹ̀ ló kéré. Èéfín ẹja láti Makoko máa ń wọ inú yàrá wa ní Ìwáyà, ìyàwó mi á máa ráhùn pé kò jẹ́ kí aṣọ mọ́. Orúnkún mi ń dùn mí tí òjò bá fẹ́ rọ̀. Lóṣù tó kọjá, àwọn ará ọkọ̀ tún ránṣẹ́ sí mi pé àyè ti ṣí. Ìyàwó mi ka ọ̀rọ̀ náà, ó dá fóònù padà fún mi, ó ní, "Èwo lo fẹ́ ṣe?"

Mo ní kó jẹ́ kí n sùn ná.